Ohùn kò jáde nínú fíìmù mi: ẹ̀rọ wo ni kí ẹ̀gbọ́n mi rà bọ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Mo ní tẹlifíṣọ̀n Samsung 4K, ínṣì 55, tí mo rà lọ́dún 2020, mo sì ní rìsífà tòkunbọ̀ kan tó ń gbé sípíkà márùn-ún àti bẹ́ẹ̀sì ńlá kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ní díìsì Blu-ray rẹpẹtẹ. Ó da púpọ̀ nínú wọn sórí hard drive 4 TB, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá ki hard drive yìí bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á mọ́ gaara, ṣùgbọ́n bí ìdajì àwọn fíìmù náà ni kì í sọ̀rọ̀. Tẹlifíṣọ̀n á ní òun kò mọ irú ohùn yẹn. Mo tún ní orin bàbá mi, àwọn àwo jùjú àti àpàlà tí mo ti gbà sínú kọ̀ǹpútà ní FLAC, irú fáìlì orin tí kì í gé ohùn. Ẹni tó ń ta ọjà ní kí n ra àpótí Android kan tí wọ́n kọ 8K sí lára, pé ìkànnì ẹgbẹ̀rún méjìlá ló wà nínú rẹ̀ láìsan owó oṣù. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ nígbà Kérésì. Kí ni kí n ní kí wọ́n rà bọ̀ fún mi?"

Inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè mí wá wo ẹ̀rọ wọn, ìgbà tí wọ́n ti rajà tán ni wọ́n ń pè mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń so ẹ̀rọ sinimá mọ́ ilé onílé ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ohun tí mo sì máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni pé àpótí tó ń gbé fíìmù jáde kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó wà nínú hard drive yín, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà yín àti ọ̀nà tí wáyà gbà láàárín wọn ni yóò yan àpótí fún yín. Bí a bá ti yẹ àwọn yẹn wò, ẹ óò rí i pé ohun tó kù láti rà kò tó bí ẹ ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò: tẹlifíṣọ̀n yín kò bàjẹ́, hard drive náà kò sì lẹ́ṣẹ̀ kankan. Fáìlì MKV, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń da Blu-ray sí, dà bí àpò tí wọ́n di ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí. Àwòrán wà lọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ohùn wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán náà wà lọ́tọ̀, ẹ̀rọ tó bá fẹ́ lo àpò yìí sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n yín mọ bí a ṣe ń tú àwòrán, ó sì mọ irú ohùn tí wọ́n ń pè ní Dolby Digital, ìyẹn ni ìdajì fíìmù yín fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti orí àwọn tẹlifíṣọ̀n ọdún 2018 ni Samsung ti yọ DTS, irú ohùn fíìmù mìíràn, kúrò, bẹ́ẹ̀ DTS-HD Master Audio ni ohùn tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Blu-ray. Ìdajì yòókù nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ ṣí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó yadi náà pẹ̀lú VLC lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ lọ síbi tí ó ti ń sọ irú codec (ọ̀nà tí wọ́n gbà di ohùn àti àwòrán) tó wà nínú fáìlì. Ẹ óò bá DTS níbẹ̀, tàbí TrueHD.

Kí ló dé tí wọn kò fi ohùn tó rọrùn sí i? Lórí DVD, àyè kò pọ̀, nítorí náà wọ́n ń gé lára ohùn kó lè wọlé. Kilobit 448 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni Dolby Digital orí DVD sábà máa ń gbà, ohun tí wọ́n bá sì rò pé etí kò ní tètè fura sí ni wọ́n ń gé dànù. Nígbà tí Blu-ray jáde lọ́dún 2006, díìsì kan lè gba 50 GB, àyè wá pọ̀. Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio kì í gé nǹkan kan. Wọ́n kàn ń ká ohùn náà ni, bí a ṣe ń ká aṣọ òkè sínú àpótí. Bí a bá tú u, kò sí okùn kan tó já nínú rẹ̀. TrueHD lórí Blu-ray lè dé megabit 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, DTS-HD lè dé 24.5. Ẹ wá fi èyí wé Netflix: ohùn Dolby Atmos tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ju kilobit 768 lọ.

Ṣé etí ń gbọ́ ìyàtọ̀ yìí? Bó bá jẹ́ sípíkà inú tẹlifíṣọ̀n ni, rárá. Ṣùgbọ́n lórí sípíkà márùn-ún tí a gbé sí ipò tó yẹ, mo máa ń gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Níbi tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́ ni: òjò tó ń rọ̀ lórí páànù, ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró ìlù tó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ti kó gbogbo ohùn yìí ránṣẹ́ sí yín ní pípé. Iṣẹ́ àpótí tí ẹ máa rà ni kó gbé e dé ọ̀dọ̀ rìsífà láì fọwọ́ kàn án, kí rìsífà fúnra rẹ̀ tú u. "Passthrough" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí nínú ètò àwọn ẹ̀rọ náà. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, òun ni kí ẹ máa wá lára ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà fún yín.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù lọ nìyí. Wọ́n ra àpótí tó dára, wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wá fi wáyà kejì gbé ohùn láti tẹlifíṣọ̀n padà sí rìsífà. Ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí ni wọ́n ń lò fún èyí. ARC dára, mo ń lò ó nílé mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ni. Ọdún 2009 ló dé pẹ̀lú HDMI 1.4, kò sì lè gbé TrueHD tàbí DTS-HD Master Audio kọjá. Wáyà optical tó ń tan iná pupa náà kò lè gbé e. eARC ló gbòòrò tó, èyí tó dé pẹ̀lú HDMI 2.1 lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n àti rìsífà ni wọ́n jọ gbọ́dọ̀ ní in, rìsífà tòkunbọ̀ yín kò sì dájú. Lọ́dọ̀ tiyín, ọ̀rọ̀ náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: tẹlifíṣọ̀n tí kò mọ DTS kì í sábà jẹ́ kí DTS gba inú òun kọjá. Bí ẹ bá so àpótí olówó gọbọi mọ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ lè padà sí ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀.

Nítorí náà, bí wáyà yín yóò ṣe rí nìyí, àpótí yòówù kí ẹ rà: hard drive sínú àpótí, àpótí sínú rìsífà, rìsífà sínú tẹlifíṣọ̀n. Rìsífà mú ohùn tirẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwòrán kọjá lọ.

Ní ti àpótí 8K olíkànnì ẹgbẹ̀rún méjìlá yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Tẹlifíṣọ̀n yín kò lè fi ju 3840 lọ́nà 2160 hàn, nítorí náà nọ́ńbà 8K yẹn kò ṣe nǹkan kan fún yín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ló sì ju èje lọ. Ìkànnì ẹgbẹ̀rún méjìlá tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n jí gbé, títí kan ti àwọn tó ń ṣe fíìmù tiwa nílé níbí, tí owó kékeré tó yẹ kó dé ọwọ́ wọn kò dé. Èyí nìkan ti tó fún mi. Ṣùgbọ́n ewu mìíràn tún wà tó lè wọ ilé yín gan-an. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn nípa ohun tí wọ́n ń pè ní BADBOX 2.0. Àwọn àpótí Android olówó pọ́ọ́kú wà lára àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dárúkọ. Ètò burúkú ti wà nínú òmíràn kí ẹni tó rà á tó ṣí páálí rẹ̀, òmíràn sì ń kó o nígbà tó bá ń gba ètò sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀daràn lè máa gba inú íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín kọjá láti ṣe iṣẹ́ ibi wọn, yóò sì dà bí ẹni pé láti ilé yín ló ti wá. Nínú àmì tí FBI ní kí a máa ṣọ́ ni àpótí tí kò ní orúkọ gidi, tí wọ́n ní yóò máa fi ohun ọ̀fẹ́ hàn, àti èyí tó ní kí ẹ pa Google Play Protect, ètò ààbò Google, kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe jọ ohun tí oníṣòwò yẹn júwe.

Ọ̀pọ̀ irú àpótí bẹ́ẹ̀ kì í tilẹ̀ gbé Netflix jáde dáadáa. Netflix kì í fi àwòrán tó mọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò bá ní ìwé àṣẹ Widevine ìpele kìíní, L1. Bí kò bá ní in, àwòrán tó dà bíi ti DVD ni ẹ óò máa wò lórí tẹlifíṣọ̀n 4K. Èyí wá mú mi rántí ohun kan tí ẹ kò bi mí: Samsung yín fúnra rẹ̀ ti ní Netflix àti YouTube nínú, pẹ̀lú àṣẹ tó pé, ní 4K. Ohùn Dolby Digital Plus tí Netflix ń lò sì lè gba ARC wọ rìsífà láìsí wàhálà. Apá yẹn ti parí. Ẹ kò nílò àpótí kankan fún Netflix. Fáìlì ẹ̀gbọ́n yín àti orin bàbá yín ni ẹ nílò rẹ̀ fún, ìyẹn sì yí gbogbo ìṣirò padà.

Èmi fúnra mi fẹ́ràn pé ẹ gbájú mọ́ hard drive yẹn. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan àwòrán 4K lè jẹ dátà 7 GB, wákàtí kan HD lè jẹ 3 GB. Fíìmù wákàtí méjì ní 4K á jẹ 14 GB, nẹ́tíwọ̀kì sì gbọ́dọ̀ máa dúró lórí megabit 15 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ mọ bí dátà ṣe ń lọ ní Abẹ́òkúta jù mí lọ. Fíìmù Blu-ray kan tí a kò fún pọ̀ sábà máa ń wà láàárín 25 sí 35 GB, nítorí náà ó lé ní ọgọ́rùn-ún fíìmù tó lè wà lórí 4 TB yín, ẹ sì lè wò wọ́n lọ́jọ́ tí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ìlú bá dákẹ́.

Kí wá ni kí wọ́n rà bọ̀? Raspberry Pi 4 ni. Kọ̀ǹpútà kékeré tó dà bí páálí ìṣáná ńlá ni. Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tó ń ṣe é wà, ó sì rọrùn fún ẹ̀gbọ́n yín láti rà níbẹ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ LibreELEC, ọ̀fẹ́ ni, orí káàdì microSD ni ẹ óò kọ ọ́ sí láti orí kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ bá ki káàdì náà bọ inú Pi tí ẹ sì tàn án, Kodi ni yóò ṣí lójú tẹlifíṣọ̀n. Kodi ni yóò to fíìmù yín àti orin yín sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán iwájú wọn. Pi 4 ń tú HEVC, irú àwòrán tí fíìmù 4K sábà máa ń lò, láìlàágùn, ó ń gbé TrueHD àti DTS-HD kọjá sí rìsífà láì tú wọn, owó rẹ̀ pẹ̀lú páálí tó ń bò ó àti ẹ̀rọ tó ń fún un níná kò sì tó owó Nvidia Shield TV Pro tí àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ jù. Kò ní Dolby Vision, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà mú kí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ àwòrán túbọ̀ yọ, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n Samsung kì í gba Dolby Vision rárá, nítorí náà ẹ kò pàdánù nǹkan kan. HDR10 tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí Pi àti tẹlifíṣọ̀n yín jọ ní, ti tó. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n yín pàápàá lè máa darí Kodi gba inú wáyà HDMI, bí ẹ bá ti tan CEC lára tẹlifíṣọ̀n àti rìsífà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Pi jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, pé ó nílò sùúrù ní ọjọ́ kìíní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti àwo bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tó ń gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, tó sì mọ FLAC yàtọ̀ sí MP3, sùúrù rẹ̀ tó. Bó bá jẹ́ pé ìyá yín tàbí àwọn ọmọ ni yóò máa lò ó jù, tí ẹ kò sì fẹ́ kọ nǹkan kan sórí káàdì, kí ẹ̀gbọ́n yín ra Nvidia Shield TV Pro. Ọdún 2019 ló jáde, ó sì ti dàgbà: kò lè tú àwòrán AV1 tí YouTube ń lò lónìí bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, ó ṣì wà lára àwọn díẹ̀ tó ní àṣẹ Netflix tó sì ń gbé DTS-HD àti TrueHD kọjá pọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín pé Pro ni ẹ fẹ́. Shield kejì wà tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá, kò ní ihò USB kankan, hard drive yín kò sì ní ríbi wọ̀. Ohun kan náà ni mo fi yọ Apple TV 4K kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ tó dára gan-an ni, ṣùgbọ́n kò sí ihò USB lára rẹ̀.

Bí ẹ bá ti so ó tán, àtòjọ ètò méjì péré ni kí ẹ fọwọ́ kàn nínú Kodi. Nínú ètò ohùn, ẹ gba passthrough láàyè, kí ẹ sì sàmì sí DTS, DTS-HD àti TrueHD. Ẹ ó ní láti gbé ètò náà sí ìpele àwọn ọ̀gbọ́ǹtarìgì kó tó fi gbogbo wọn hàn yín. Bí ojú rìsífà bá kọ DTS-HD MSTR tàbí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ó ti dé ibi tó ń lọ.

Èkejì jẹ́ ohun tí mo lè fi gbogbo alẹ́ sọ, nítorí mo ti rí ilé olówó tí wọn kò ti ṣe é rí. Sinimá ń ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tó bá wà lórí 60 kò lè pín 24 dọ́gba, nítorí náà yóò fi àwòrán kan hàn nígbà mẹ́ta, èyí tó tẹ̀ lé e nígbà méjì, mẹ́ta, méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kámẹ́rà bá rọra yí kiri pápá, ẹ óò rí i tí ó ń fò kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ bí ẹni tí ẹsẹ̀ kan kúrú. Fíìmù tiwa tún yàtọ̀. Ètò PAL ni Nàìjíríà ń lò, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà láyé VHS àti VCD sì wà ní 25. Lórí 60, ìyẹn burú ju 24 lọ. Lórí 50, àwòrán kọ̀ọ̀kan á jáde nígbà méjì géérégé, ijó á sì máa lọ bí omi. Àpótí tí ẹ kò bá tò á sábà máa ń dúró sórí 60 fún ohun gbogbo. Nínú Kodi, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí ìwọ̀n ìtúnsọjí ojú tẹlifíṣọ̀n padà, "adjust display refresh rate", kí ẹ sì ní kó máa yí i nígbà tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá parí. Ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú fún ìgbà díẹ̀ bí fíìmù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí aburú níbẹ̀, ó ń yan ìwọ̀n tó bá fíìmù náà mu ni.

Ní ti orin bàbá yín. Ẹ kò sọ ìwọ̀n tí ẹ fi gbà á, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 24 bit ní 96 kHz bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń ṣe, Pi yóò gbé e fún rìsífà ní 96 gẹ́lẹ́, bí ẹ bá fi ètò ohùn Kodi sí kó máa bá ìwọ̀n orin mu. Android sábà máa ń sọ gbogbo orin di 48 kHz kó tó fi jáde, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi dúró ti Pi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí nọ́ńbà yìí gba oorun lójú yín. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 Hz lọ, CD tó wà ní 44.1 kHz sì ti kọjá ibẹ̀. Ohun tí yóò mú orin yẹn dùn wà ṣáájú kọ̀ǹpútà: ṣé ẹ fọ àwo náà kí ẹ tó gbà á, ṣé abẹ́rẹ́ kò tíì jẹ, ṣé ohùn kò ga jù tí ó fi ń ya? Àwo tí a fọ̀ tí a sì gbà ní 48 dára ju àwo eléruku tí a gbà ní 192 lọ, kò sì sí ẹ̀rọ kankan lẹ́yìn náà tó lè tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣì ní àwọn àwo náà lọ́wọ́, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró bí àgbàdo tó ń ta nínú wọn, ẹ padà lọ gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má fi orin yẹn sí ibì kan ṣoṣo. Fíìmù Blu-ray, ẹ̀gbọ́n yín ṣì ní díìsì rẹ̀. Àwo jùjú àti àpàlà tí bàbá yín kó jọ, òmíràn nínú wọn lè má sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ ládùúgbò yín. Wákàtí kan orin ní 24/96 kì í ju nǹkan bí 2 GB lọ kódà ká má tíì fún un pọ̀, FLAC á sì dín in kù síbẹ̀. Ẹ dà wọ́n sórí hard drive kejì, kí ẹ̀gbọ́n yín gbé e padà sí Manchester.

NẸ́PÀ ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Ohun tó ń pa hard drive lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ọjọ́ orí, iná tó ń lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Bí ọ̀nà tí wọ́n fi to hard drive yín bá jẹ́ exFAT, ó túbọ̀ léwu, nítorí exFAT kì í ní ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bí iná bá já a, ó lè má rántí ibi tó kó nǹkan sí. NTFS, ọ̀nà ìtò mìíràn, ní in. LibreELEC ń ka méjèèjì. Ẹ máa ti Pi pa láti inú Kodi kí ẹ tó pa iná, kí ẹ sì so òun àti hard drive mọ́ ìnfátà tàbí UPS kékeré. Iná tí wọ́n jọ ń jẹ kéré débi pé ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí hard drive bá jẹ́ ti àpò, tí kì í lo iná tirẹ̀, ihò USB aláwọ̀ búlúù lára Pi ni kí ẹ fi í sí. Ẹ̀rọ iná tí ẹ̀gbọ́n yín máa rà mọ́ Pi kò nílò àyípadà kankan, fólítì 230 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò bíi tiwa, pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu mẹ́ta wọn sì wọ ògiri wa.

Ọ̀rọ̀ kan péré nípa díìsì, bí ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ kó díìsì gangan bọ̀. Blu-ray ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà wà ní agbègbè kan náà, B. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, A ni, ó sì lè kọ̀ láti ṣí. Ultra HD Blu-ray kò ní agbègbè rárá. DVD ni wàhálà wà lára rẹ̀, nítorí 2 ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni tiwa. Fún ẹni tí fáìlì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò rí ìdí láti ra ẹ̀rọ díìsì báyìí.

Ó wá ku ohun tó wà lẹ́yìn rìsífà yín. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ kí ẹ tó pe ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sókè ihò HDMI kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí HDCP 2.2, àmì ààbò àwòrán 4K, níbẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀, ihò yẹn lè gbé 4K kọjá, ẹ ki Pi bọ ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ra wáyà HDMI méjì tí wọ́n kọ Premium High Speed sí, tí kò gùn ju mítà méjì lọ; ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹnu micro-HDMI, torí ẹnu kékeré ni Pi 4 ní. Bí kò bá sí HDCP 2.2, ẹ má ta rìsífà náà. Ẹ to Pi sí 1080p. Àwọn fíìmù Blu-ray yín, 1080p ni wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó máa dín kù lára wọn, DTS-HD yóò sì kọjá bó ṣe yẹ. 4K ti Netflix á máa wá láti inú tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Bí ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn rìsífà kò bá yé yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mà á bá yín wo ìwé rẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn àjò ẹ̀gbọ́n yín tó pé.